Etígbọ̀ọ́: Èmi àti Àṣàkẹ́ Lẹ́nu Kànga

Ráfátù Àṣàkẹ́, ọmọ Ìkòyí, ọmọ Ẹ̀ṣọ́. Àṣàkẹ́ adúró-má-yẹsẹ̀. Àṣàkẹ́ elétí ehoro, tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kí ẹnu tó sọ ọ́ tán. Ọmọ Lámídì aránṣọ, ará Ìwó. Ìyá Wàsíù, ìyá Sìdíkátù, aya Súlè Kànga. Obìnrin arẹwà tó fa okùn títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi yi ju tèmi lọ. Sùn re o, Àṣàkẹ́.

Èmi ni Súlè. Pírámárì ni mo kà mọ, n kò sì kà á dáadáa, nítorí náà ẹ má wo bí mo ṣe to ọ̀rọ̀, ohun tí mò ń sọ ni kí ẹ wò. Ẹ̀yin ọmọ tó máa ń jókòó síwájú ilé mi ní Ìfọ̀ níbí, tí ẹ ń tẹ fóònù, tí ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo ló yẹ kí èèyàn kọ́, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí fún. Àlejò kan bi ọ̀kan nínú yín pé iṣẹ́ wo ni olóògbé ṣe nígbà ayé rẹ̀. Ọmọ náà ní, “Kò ṣiṣẹ́ o, ilé ló wà.” Mo gbọ́. Irọ́ ni. Ó ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ kan náà ni èmi àti ẹ̀ jọ ṣe, tirẹ̀ ló sì le jù.

Ohun kejì tó ń bí mi nínú nìyí. Nígbà tí àìsàn dá Àṣàkẹ́ dúbúlẹ̀, àwọn ọmọ wa fẹ́ mú un lọ sí Magboro, kí èmi dúró sí Ìfọ̀. Mo kọ̀. Wọ́n pè mí ní alágídí. Wọ́n pè mí ní arúgbó òjòwú. Ẹnì kan tilẹ̀ ní orí mi ti ń dàrú. Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ibi tí àgídí náà ti wá fún yín. Ibi iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà nídìí ẹ̀: etígbọ̀ọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ kàn ń lò ó bó ṣe wù yín ni. Ẹ ó ní, “Má sọ ọ́ ní etígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ.” Lèmọ́mù á ní etígbọ̀ọ́ gbogbo ìjọ ni wọ́n ti so yìgì. Aládùúgbò tó bá fẹ́ bú yín á wá dúró ní etígbọ̀ọ́ yín kó tó máa bá ewúrẹ́ rẹ̀ jà. Gbogbo ìyẹn dáa. Ibi tí ohùn dé ló túmọ̀ sí. Àmọ́ ohùn ta ni? Ohùn tó rí báwo? Ìyẹn ni ẹnikẹ́ni kì í bi yín. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, ẹni tí kò bá mọ ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn á pa èèyàn.

Kànga ni mo gbẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé mi. Ọ̀gá tó kọ́ mi ni Kàrímù, ará Ìsẹ́yìn, tó yá yàrá lẹ́yìn ọjà Ìfọ̀. Bàbá mi ló mú mi lọ bá a; ohun tí wọ́n jọ sọ lórí owó, àárín àwọn méjèèjì ni. Àwa mẹ́ta la jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀: èmi, Mùkáílà ará Ṣàgámù, àti Jímọ̀ ará Ajuwọn, ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín tán kó tó sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ gan-an kí Ọ̀gá tó jẹ́ ká fọwọ́ kan dígà. Ẹnu kànga ló kọ́kọ́ kó wa sí.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Ẹnì kan á wà nísàlẹ̀, á máa gbẹ́ ilẹ̀, á máa da iyẹ̀pẹ̀ sínú garawa. Ẹnì kejì á wà lókè lẹ́nu kànga, á máa fi okùn fa garawa jáde, á máa dà á nù, á máa gbọ́. Ẹ̀yin á rò pé fífà yẹn ni iṣẹ́. Gbígbọ́ ni iṣẹ́.

Eérú ni Ọ̀gá Kàrímù fi ń ṣe ọ̀rọ̀ náà. Ó ní àpò eérú kan tí kì í fi sílẹ̀. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, á fi eérú fa ilà yí ẹnu kànga ká. Ẹni ẹnu kànga kò gbọdọ̀ kọjá ilà yẹn bí èèyàn bá wà nísàlẹ̀, ì báà jẹ́ ìgbẹ́ ló ń gbọ̀n ọ́n. Bí kànga bá ṣe ń jìn sí i, á pa ilà àná rẹ́, á fa òmíràn tó sún mọ́ ẹnu jù ú lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, á tún fà á sún mọ́ ọn. Bí òjò bá ti ń lu páànù onílé, iṣẹ́ parí lọ́jọ́ náà, ká kó ẹrù wa. Bí ẹni tó ń lọ ata bá wà nítòsí, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ á lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó pa ẹ̀rọ rẹ̀. Bí onítọ̀hún bá kọ̀, á jẹ́ pé ilé ti yá.

Ìdánwò rẹ̀ ló máa ń dẹ́rù bà wá jù. Á wà nísàlẹ̀, á dá dígà dúró, á sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni á wá pariwo.

“Jímọ̀! Kí ni mo sọ?”

“Ẹ ní kí n sọ garawa kalẹ̀, sà.”

“Irọ́! Mo ní imú rẹ tóbi ju ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ. Súlè, kí ni mo sọ?”

“Ẹ ní imú Jímọ̀ tóbi, sà.”

“Ṣé o gbọ́ ọ ni, àbí o kàn ń wo imú náà?”

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó gòkè wá, ó jókòó sórí òkìtì iyẹ̀pẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí rò pé etígbọ̀ọ́ ni ibi tí mo bá kígbe dé. Ta ló fẹ́ kígbe? Ẹni tí yanrìn bò dé àyà, ṣé á lè kígbe? Ẹni tí afẹ́fẹ́ burúkú ti mú nísàlẹ̀, kì í pariwo, ohùn rẹ̀ a máa kéré sí i ni. Etígbọ̀ọ́ ni ibi tí ohùn mi tó kéré jù lọ ti lè bá etí rẹ. Ibi tí ariwo tìrẹ dé kò kàn mí.”

Mo ti gbọ́ wáàsí púpọ̀ láyé mi. Kò sí èyí tó bá mi gbé tó ìyẹn.

Mùkáílà ni kò gbà á sétí. Lọ́jọ́ kan, ó kọjá ilà lọ bá ọmọbìnrin kan tó ń kiri ẹ̀pà sọ̀rọ̀, Ọ̀gá sì wà nísàlẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gá jáde, kò nà án, kò sì bú u. Ó ní kí Mùkáílà sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, Ọ̀gá fọwọ́ pe gbogbo wa, a rìn lọ sábẹ́ igi ọ̀dàn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, a jókòó, a ń wo ẹnu kànga. A mọ̀ pé Mùkáílà ń pè wá. A kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹyẹ ń ké lórí igi, àwa ń gbọ́ ẹyẹ. Nígbà tí a padà lọ fà á jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ikun ti dé ètè rẹ̀.

Ó ní, “Ọ̀gá, mo rò pé ẹ ti lọ sílé.”

Ọ̀gá ní, “Bó ṣe rí lára tèmi náà nìyẹn nígbà tí ìwọ ń ra ẹ̀pà.”

Mo gba fírídọ̀mù, mo fẹ́ Àṣàkẹ́, a bí Wàsíù. Mùkáílà ló ń bá mi dúró lẹ́nu kànga nígbà náà, ó sì ti di ẹni tó ṣeé fọkàn tán pátápátá. Àfi bí wọ́n ṣe wá gbé mọ́tò lé e lọ́wọ́ ní Kútọnú, ló bá lọ. Ó sì jẹ́ ìgbà tí ilé tuntun ń sú jáde ní Mowe bí olú, tí onílé kọ̀ọ̀kan ń wá ẹni tó máa gbẹ́ kànga fún un. Iṣẹ́ wà nílẹ̀, ẹni ẹnu kànga kò sí. Mo dé ilé, mo fọwọ́ lérán.

Àṣàkẹ́ ní, “Ta ló máa wà lókè fún yín?”

“Mo ń wá ẹnì kan.”

“Èmi ńkọ́?”

Mo rẹ́rìn-ín. Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá Wàsíù, bí mo bá ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé, tí ọmọ yìí sì yí ẹ̀gbẹ́ padà nínú yàrá, mò ń gbọ́. Ṣé ohùn yín kéré ju ti ìkókó lọ ni?”

Báyìí ni mo ṣe mú ìyàwó mi lọ sí Mowe. Ẹ wá wo ariwo! Ràímì ni alága ẹgbẹ́ àwa agbẹ́kànga nígbà náà, ọkùnrin tó kọ ilà gọ̀nbọ̀, tó máa ń fi fìlà nu ojú. Ó kó àwọn ọkùnrin wá bá wa níbi iṣẹ́.

“Súlè, obìnrin kì í dúró lẹ́nu kànga. Omi á sá.”

Kí n tó ya ẹnu, Àṣàkẹ́ ti dá a lóhùn. “Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń pọn omi náà sílé lójoojúmọ́? Àwa obìnrin ni. Kò tíì sá fún wa rí.”

Wọ́n ní àfi kí àwọn lọ pe Ọ̀gá Kàrímù. Ọ̀gá ti ń dàgbà nígbà náà, ṣùgbọ́n ó wá. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó bọ́ agbádá, ó ní ká sọ òun kalẹ̀. Gbogbo wa dúró, a tẹ́tí. Nígbà tó ṣe, Àṣàkẹ́ tó tẹ̀ mọ́ ẹnu kànga sọ̀rọ̀ sísàlẹ̀, kò gbé ohùn sókè rárá: “Etí ni ẹ ní kí n wá fi ṣiṣẹ́, Bàbá. Ẹ fi ẹnu mi sílẹ̀.”

Ẹ̀rín ni a gbọ́ láti ìsàlẹ̀, ẹ̀rín títí ó fi di ikọ́. Wọ́n fà á jáde, ó ń nu omijé. Ó ní, “Mo ní ẹnu ìyàwó Súlè yìí mú jù. Kò sí ọ̀kan nínú yín tó gbọ́ ọ àfi òun.” Ó yíjú sí alága. “Ràímì, ìwọ gan-an, n kò lè fi ọ́ sẹ́nu kànga mi.” Ó mú àpò eérú rẹ̀, ó gbé e lé Àṣàkẹ́ lọ́wọ́, ó sì lọ.

Láti ọjọ́ náà, àwa méjèèjì ni. A gbẹ́ kànga fún Ìyá Sàádátù ní Mowe, fún Pásítọ̀ Ìdòwú tó máa ń gbàdúrà lé orí iyẹ̀pẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí a bá fà jáde, fún Bàbá Ẹbùn ní Magboro, fún ẹni tó pọ̀ ju èyí tí mo lè ka lọ. Sìdíkátù wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí a gbẹ́ èyí tó jìn jù. Bí ọmọ náà bá bẹ̀rẹ̀ ẹkún, Àṣàkẹ́ á mi okùn, èmi á jáde, á fún un lọ́mú, ọmọ á dákẹ́, èmi á padà wọlé. Kì í kọrin. Kì í bá onílé sọ̀rọ̀. Onílé tó bá wá dúró tì í, tó fẹ́ máa dá àpárá, á fi ọwọ́ ṣe é pé kó máa lọ. Lóòrèkóòrè, á ní, “Bàbá Wàsíù.” Èmi á ní, “Mo wà ńbí.” Ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ wa láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan á ní ìgbéyàwó wo nìyẹn. Mo ní kí wọ́n fi tiwọn hàn mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìbafọ̀.

Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àlàájì Gàníyù, ó ń kọ́ ilé alájà. Yanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀, omi sì tètè yọ. Omi ń yọ, èmi ń gbẹ́, iṣẹ́ ń falẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Àlàájì gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi dé, èyí tó ń lo bẹntiróòlù, ó gbé e kalẹ̀ gẹ́gẹ́ lẹ́nu kànga. Mo wà nísàlẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, Àṣàkẹ́ àti Tàjù, bíríkìlà tó ń bá wọn kọ́lé, ni wọ́n sọ ọ́ fún mi.

Àlàájì ní, “Ìyá, ẹ sún sẹ́yìn. Ẹ̀rọ yìí á fa omi gbẹ, ọkọ yín á lè tètè ṣe tán.”

“Ẹ má tan án, Àlàájì. Bí ẹ bá tan án, n kò ní gbọ́ ọkọ mi.”

“Kí lẹ fẹ́ gbọ́? Ṣé orin ló ń kọ fún yín ni?”

Ó fa okùn ẹ̀rọ náà. Nísàlẹ̀, ohun tí mo gbọ́ dà bí ìgbà tí ọkọ̀ ńlá ń gun orí mi bọ̀. Èéfín tẹ̀ lé e. Mo pe Àṣàkẹ́, n kò gbọ́ ohùn ara mi. Orí mi bẹ̀rẹ̀ sí fúyẹ́, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí wúwo. Lókè, Àṣàkẹ́ kò gbọ́ nǹkan kan, àìgbọ́ yẹn gan-an ló sì fi mọ̀. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi wé ọwọ́, ó já wáyà pulọ́ọ̀gì ẹ̀rọ náà pẹ̀lú iná tó wà lára rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bó. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ó ní ìgbà náà ni òun gbọ́ mi, pé ohùn mi kéré bí ti ẹni tó ń sùn, mò ń pe ìyá mi. Òun àti Tàjù ló fà mí jáde.

Nígbà tí ojú mi wálẹ̀, ó ń bá Àlàájì sọ̀rọ̀. “A ti ṣe tán níbí.”

“Iṣẹ́ kò tíì parí!”

“Iṣẹ́ tiwa ti parí.”

Àlàájì bú wa débi tí ojú fi tì Tàjù. A kó okùn wa, a lọ.

Ajuwọn ni Àlàájì lọ. Jímọ̀ ló lọ pè. Àṣàkẹ́ gbọ́, ó sì wọ mọ́tò lọ bá a. Ó ní, “Jímọ̀, má gbà kí wọ́n tan nǹkan yẹn nígbà tí o bá wà nísàlẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́.”

Jímọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tán. Ó ní, “Ìyàwó wa, ayé ti yí padà. Ẹ̀rọ ló ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ṣé ẹ fẹ́ wá kọ́ wa níṣẹ́ tí a kọ́ ṣáájú yín ni?”

Kànga ti jìn sí i nígbà náà, rọ́bà ẹ̀rọ náà kúrú, kò dé ibi tí omi wà. Wọ́n wá fi okùn sọ ẹ̀rọ náà gan-an kalẹ̀ sínú kànga, Jímọ̀ sì bá a sọ̀kalẹ̀, ó tan án níbẹ̀. Àwọn tó yẹ kó wà lẹ́nu kànga lọ jókòó síbi òjìji ògiri, nítorí ariwo kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Ẹ̀rọ náà ń ké, wọ́n rò pé iṣẹ́ ń lọ. Ìgbà tí bẹntiróòlù tán, tí ẹ̀rọ dákẹ́, ni ẹnì kan tó rántí pé èèyàn wà nísàlẹ̀.

Wọ́n wá pè wá. Ó wù mí kí n bẹ́ wọlé lójú ẹsẹ̀, Àṣàkẹ́ dì mí mú, kò jẹ́ kí n lọ. A so ewé tútù mọ́ okùn, a ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ń fà á sókè, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀ mí kalẹ̀. Mo gbé Jímọ̀ sínú okùn. Ara rẹ̀ kò ní ọgbẹ́ kankan, iyẹ̀pẹ̀ nìkan ló wà nínú irun rẹ̀. Ọ̀gá Kàrímù dé, ó ń fi ọ̀pá rìn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ títí a fi gbé e lọ.

Àṣàkẹ́ ló sọ̀rọ̀. Èrò ti pọ̀, gbogbo wọn wà ní etígbọ̀ọ́. Ó dúró níwájú Àlàájì, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì. Ó ní, “Ẹ bi mí léèrè pé kí ni mo fẹ́ gbọ́. Ẹ wá gbọ́ ọ báyìí.” Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Àlàájì wolẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń wá iṣẹ́, ẹ̀kọ́ tí mo ní fún yín kò pọ̀. Ẹ ti ń béèrè iye tí iṣẹ́ ń mú wọlé. Ẹ béèrè, kò burú. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè pé bí ohùn yín bá kéré lẹ́nu iṣẹ́ náà, ta ló máa gbọ́ ọ? Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, ẹ sá níbẹ̀, ì báà jẹ́ ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù.

Irinṣẹ́ yí padà lójú wa. Okùn lásán ni a fi bẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ afàkùn dé, rìǹgì kọnkéré dé tí kì í jẹ́ kí yanrìn ya. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ tó ń lu bọ̀ọ̀hóòlù wọ Mowe àti Magboro, tí wọ́n á dé láàárọ̀, tí omi á yọ kí ilẹ̀ tó ṣú, tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀kalẹ̀. Inú mi dùn sí bọ̀ọ̀hóòlù, ẹ má rò pé mò ń jowú. Kò sí ọmọ ẹnikẹ́ni tó ń kú sínú rẹ̀. Ohun tí n kò gbà ni ti fóònù. Sòdíìkì, tó ṣì ń gbẹ́ kànga fún àwọn tí agbára wọn kò ká bọ̀ọ̀hóòlù, sọ fún mi pé, “Bàbá, a kò nílò ilà eérú mọ́. Bí ẹni òkè bá fi íyápíìsì sétí, ó lè wà ní ibi tó bá wù ú, a ṣì jọ wà ní etígbọ̀ọ́.” Mo ní rárá. Ohùn tó gba ọ̀nà ọ̀run bọ̀, tó lè já láàárín ọ̀nà láìdágbére, ìyẹn kì í ṣe etígbọ̀ọ́. Ìròyìn ni. Etígbọ̀ọ́ ni kí o gbọ́, kí ọwọ́ rẹ sì tó mi. A jiyàn títí. Kò gbà fún mi, èmi náà kò gbà fún un.

Orúnkún ló lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. A wá jókòó sílé wa ní Ìfọ̀, èmi àti ẹ̀. Kò pẹ́ rẹ̀ ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú un, apá òsì kú, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé bí èèyàn kò bá wà létí bẹ́ẹ̀dì, kò ní mọ̀ pé ó sọ̀rọ̀.

Ìgbà náà ni àwọn ọmọ pe ìpàdé. Wàsíù wá láti Magboro, Sìdíkátù wá láti ọjà, Múrítàlá, àbúrò Àṣàkẹ́, náà wá. Wàsíù kì í ṣe ọmọ burúkú, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé rẹ̀ dára, nọ́ọ̀sì wà ládùúgbò rẹ̀, àmọ́ yàrá kékeré kan ṣoṣo tó gba ẹnì kan ló kù nísàlẹ̀, orúnkún mi kò sì lè gun àtẹ̀gùn.

Ó ní, “Dádì, ẹ ò lè gbé Mọ́mì. Orúnkún yín ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n máa mú wọn lọ. Màá máa wá gbé yín wá kí wọn lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ẹ ó máa rí wọn lórí fóònù lójoojúmọ́, fídíò kọ́ọ̀lù.”

“N kò fẹ́ rí i lórí fóònù.”

Múrítàlá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìfẹ́ wo ló tún kù láàárín ẹ̀yin méjèèjì? Ẹ jẹ́ kí ọmọ tọ́jú ìyá rẹ̀.”

“Kó tọ́jú rẹ̀. Níbí.”

“Àgídí yín yìí ló máa pa á!”

“Múrítàlá, nígbà tí mo wà nínú ilẹ̀, tí kò sí ẹni tó rí mi, ta ló dúró tì mí? Nǹkan oṣù kò lé e, ẹ̀rù kò lé e, oòrùn kò lé e, ẹnu àwọn ọkùnrin kò lé e. Òun ló wà nísàlẹ̀ báyìí. O ní kí n kọjá ilà lọ ra ẹ̀pà?”

Wọn kò mọ ohun tí mò ń sọ. Wàsíù nìkan ló wo ilẹ̀. Mo ní, “Ẹ bi òun fúnra rẹ̀.” Wàsíù dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní, “Mọ́mì, ṣé ẹ máa bá mi lọ?” Ètè ìyá rẹ̀ mì. Wàsíù yíjú sí mi pé kí ni wọ́n wí. Mo ní n kò ní bá a túmọ̀, kó sún mọ́ ọn. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó gbé etí sí ẹnu ìyá rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó nu ojú. Ó ní, “Wọ́n ní ilé àwọn nìyí.”

Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ Magboro mọ́. Wàsíù ṣètò nọ́ọ̀sì tó ń wá sí Ìfọ̀, Sìdíkátù kó ẹrù rẹ̀ wálé. Èmi gbé àga mi sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Mo ń kírun nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lèmọ́mù wá béèrè pé kí ló dé tí òun kò rí mi nínú sáàfù ní mọ́ṣáláṣí, mo ṣàlàyé fún un, ó ní Ọlọ́run mọ ibi tí mo wà. Ṣẹ́gun onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni mo fi ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ sú.

“Bàbá, ẹ ti tún dé!”

“Mo ti tún dé. Gbé e lọ sápá ibi títì.”

“Bàbá, wọ́n á jí i gbé níbẹ̀.”

“Fi ṣéènì dè é.”

Ó kùn, ó kùn, ó gbé e lọ, ó sì fi ṣéènì dè é. Ọlọ́run á bù kún un.

Ọjọ́ Ajé ni. Mo ti kírun Àyílà tán. Ó pè mí, “Bàbá Wàsíù.” Mo ní, “Mo wà ńbí.” Ó ní, “Aṣọ tó wà lórí okùn ńkọ́?” Mo ní ó ti gbẹ. Ó ní, “Ẹ ká a, òjò ń bọ̀.” Ẹ̀yìn fèrèsé yàrá ni okùn aṣọ náà wà, fèrèsé sì ṣí sílẹ̀. Mo ń ká aṣọ, mò ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo ká ìró rẹ̀, mo ká búbá rẹ̀, mo ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo na ọwọ́ sí fìlà mi, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo fi aṣọ sílẹ̀, mo wọlé.

Ilé kún lójú ẹsẹ̀. Múrítàlá ní itẹ́ òkú ńlá tó wà lójú ọ̀nà ni ká gbé e lọ, pé ibẹ̀ mọ́, ó ní géètì. Mo ní rárá, ilé yìí náà ni.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ o. Òkú kì í gbọ́ràn.”

Mo ní, “N kò sọ pé ó ń gbọ́. Èmi ni mo ṣì ní etí.”

Lèmọ́mù ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ilẹ̀ mi ni. Wàsíù béèrè pé, “Dádì, ibo gan-an?” Mo fi hàn án. Àwọn ọmọ Tàjù bíríkìlà ló gbẹ́ ẹ. Wàsíù àti Múrítàlá sọ̀kalẹ̀ láti gbà á. Wọ́n gbé àga wá kí n jókòó, n kò jókòó. Mo dúró lókè, títí wọ́n fi ṣe tán.

A sin Ráfátù Àṣàkẹ́ lọ́jọ́ Ajé náà, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, lábẹ́ fèrèsé yàrá wa ní Ìfọ̀.